"Má con mí fuse": kí ló wà nínú àmúlùmálà tí gbogbo wa ń sọ?

"Mo ti send owó yẹn sí account ẹ. Check alert ẹ kí o confirm fún mi."

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ èrò láti Ọjọ́ta lọ sí Ìbàdàn rí á ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu ẹni tó jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí Òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti London bá wà nínú ọkọ̀ náà, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá àgbà tó gbé igbá tòmátì sórí itan ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, yóò gbọ́ ọ yékéyéké, torí pé òun náà ń retí alẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lórí fóònù. Èdè wo wá ni ẹni yẹn sọ?

Ìbéèrè yìí ti kúrò ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Túnjí Àláùsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n gbé jáde ní 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ẹ̀rí tó gbé síwájú ni pé níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìjọba ti ta èdè wa lọ́pọ̀. Àwọn mìíràn ní ó dára bẹ́ẹ̀, ta ló ń fi Yorùbá wá iṣẹ́?

Èmi wo àwọn tó ń jà, mo wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, mo rí i pé ẹni kẹta wà nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó kí i. Nínú kíláàsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó sí, olùkọ́ kò fi Yorùbá lásán kọ́ wa, kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ́ wa. Àmúlùmálà, Yorùbá tí a da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́, ló fi kọ́ wa.

Àyálò yàtọ̀, àmúlùmálà yàtọ̀

Orúkọ náà kò dùn létí. A máa ń pè é bí ẹni rí ọmọ tó po ẹ̀kọ mọ́ gaàrí nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun méjì la sábà máa ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn, ó sì yẹ ká ya wọ́n.

Bí mẹkáníìkì bá sọ pé "bíréèkì ọkọ̀ yín ti lọ," Yorùbá ló sọ. Ọ̀rọ̀ àyálò ni bíréèkì, ó ti di ọmọ ilé. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà a ti fi fáwẹ̀lì la àárín rẹ̀, a fi òmíràn dí ìdí rẹ̀, a wá fún un ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "driver" ṣe di dẹ́rẹ́bà, tí "court" di kóòtù, tí "bread" di búrẹ́dì. Kí náírà tó dé ní oṣù kìíní ọdún 1973, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ni àwọn òbí wa ń ná. Láti ẹnu Òyìnbó ni gbogbo wọn ti wá, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà kan pé tọ́rọ́ kì í ṣe Yorùbá, kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Òyìnbó kọ́ ló sì kọ́kọ́ yá wa lọ́rọ̀. Àlàáfíà, àdúrà, wákàtí, fìtílà, àlùbọ́sà, àlùbáríkà: Lárúbáwá ni ìpìlẹ̀ wọn, ọ̀nà òkè ọya àti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn sì gbà wọlé. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àpò yẹn náà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀. Àdúrà ni wọ́n fi pe àdúrà, wọ́n pe àwọn aríran Ísírẹ́lì ní wòlíì, wọ́n sì pe àwọn tó ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì ní àlùfáà. Bí pásítọ̀ kan bá gun orí pẹpẹ lónìí, tó ní ká máa sọ Yorùbá tí kò ní àbùlà, ẹ bá mi ka ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ìwàásù rẹ̀. Kódà "ìwàásù" gan-an, ẹrù Lárúbáwá ni.

Àmúlùmálà jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́ èdè méjèèjì, ó kéré tán ó gbọ́ díẹ̀ nínú èkejì, ó sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láàárín ọ̀rọ̀ kan náà. Ó lè parí gbólóhùn kan ní Yorùbá kó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì lè kó méjèèjì sínú gbólóhùn kan, bíi ti ẹni tó fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí kejì yìí ló ń bí àwọn olùkọ́ Yorùbá nínú jù, òun gan-an ni mo sì fẹ́ ká tú wò.

Ta ló di òpó mú?

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ó travel lọ sí Kánò lánàá." Àná ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ní "travelled" fún irú rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ó travelled lọ sí Kánò." Kí ló dé? Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ara dà nítorí àná tàbí òní. "Travel" ti wọ ilé Yorùbá, ó sì ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo àlejò.

Ẹ tún gbọ́ èyí: "Bá mi mú bàtà black yẹn wá." Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àwọ̀ ṣáájú bàtà. Yorùbá máa ń fi bàtà ṣáájú àwọ̀, a sì máa ń fi "yẹn" kádìí rẹ̀. Ẹ kò ní gbọ́ "black bàtà yẹn" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi tó bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "má con mí fuse." Ẹ̀fẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ṣì ń sọ ọ́ láti pani lẹ́rìn-ín, bíi "ó dis mí appoint." Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí ẹ̀fẹ̀ náà. Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́là, àwọn tó máa ń la sí méjì kí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lè jókòó sáàárín wọn. Bàjẹ́: ó ba ilé jẹ́. Tànjẹ: ó tàn mí jẹ. Gbàgbọ́: mo gbà ọ́ gbọ́. Ọmọ Yorùbá gbọ́ "confuse" àti "disappoint," etí rẹ̀ sọ fún un pé irú "tànjẹ" nìyí, ló bá la á bí ẹní la obì, ó gbé "mí" sáàárín. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "con" àti "fuse" yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì, kò sì sí ọ̀bẹ tó ń gba àárín wọn kọjá. Gírámà Yorùbá ló mú ọ̀bẹ wá.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti sọ̀rọ̀ lórí irú èyí pẹ́. Carol Myers-Scotton, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń da Swahili pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kẹ́ńyà, ṣàlàyé ní 1993 pé bí èdè méjì bá pàdé nínú gbólóhùn kan, wọn kì í jọ jẹ ọba. Ọ̀kan ló ń di férémù mú, òun ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tò, òun ló ń pèsè àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so gbólóhùn pọ̀. Èkejì kàn ń kó ẹrù wá sínú ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ ni. Ẹ padà sí gbólóhùn inú ọkọ̀ èrò yẹn. Mo, ti, yẹn, sí, ẹ, kí, o, fún, mi: Yorùbá ni gbogbo ìṣó àti òpó rẹ̀. Ẹrù tó wà nínú yàrá ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní àmúlùmálà ni èdè ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè la "confuse."

Ìdí tí ẹnu fi ń yà

Wọ́n á ní fáàrí ni. Òótọ́ ni, fáàrí wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọkọ tàbí aya, tó ń wá owó báńkì, tàbí tó fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fà kiri, yóò bù Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí fáàrí nìkan bá ni, kí ló dé tí a fi ń ṣe é nígbà tó bá ku àwa àti ọ̀rẹ́ wa nínú pálọ̀, tí kò sí ẹni tí a fẹ́ fi hàn?

Ìdí kan wà tí mo rò pé a kì í sọ tó. Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí akọ̀wé rẹ̀ sì tó ẹni tó lè bí i. Bó bá sọ fún obìnrin yẹn pé "o ti tẹ lẹ́tà yẹn?", ìyá rẹ̀ á gbọ́ nínú sàréè. Bó bá sì ń pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní "ẹ" láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn yòókù nínú ọ́fíìsì á ní kò lágbára lórí ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n ṣe? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. "You" kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé, ó kàn ń tọ́ka síni ni. Ọjọ́ tí iná lọ, tí gbogbo wa jókòó síta tí à ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ, Yorùbá dé, "ẹ" sì tẹ̀lé e wá kíákíá. Iná padà dé, Gẹ̀ẹ́sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èdè tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni ló gba ọ̀wọ̀ àwọn méjèèjì là.

Ìtìjú náà ń kọ́? Ẹ lọ jókòó sí ọsibítù kí ẹ tẹ́tí. "Dókítà, ibi breast mi ló ń dùn mí." "Mi ò rí period mi." "Mo fẹ́ ṣe toilet." Gẹ̀ẹ́sì ń bá aláìsàn bo ohun tó rò pé Yorùbá á tú síta. Ohun tó ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé Yorùbá ti ní aṣọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aboyún fẹ́ra kù, obìnrin ń ṣe nǹkan oṣù, ẹni tí inú ń rọ́ fẹ́ gbọnsẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ò ní ìhòòhò kankan lára. A ti jẹ́ kí wọ́n bọ́ lẹ́nu wa, a wá ń lọ yá aṣọ àdúgbò.

Àṣírí ńkọ́? Nígbà tí èmi wà ní kékeré, bí bàbá àti màmá wa bá fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí a gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Mo mọ ilé tó ju ẹyọ kan lọ lónìí tí bàbá àti ìyá máa ń bọ́ sí Yorùbá bí wọn kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó la ti kọ́ bí a ṣe ń yí èdè. Ọmọ Òkìtìpupa tó ń gbé Ìbàdàn ní èdè tó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní èyí tó ń bá àwọn ará ilé iṣẹ́ sọ, ó sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì bí ẹni ń wọ bàtà. Ní Àgbádárìgì, Ègùn àti Yorùbá ti ń dojú kọra lọ́jà láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Ìlọrin tún ńkọ́, níbi tí ilé kan ti lè jẹ́ Fúlàní nínú oríkì, kó sì jẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹnu?

Ẹ kọjá bodè lọ sí Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní Benin, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín dáadáa. Ní 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá, ẹnikẹ́ni kò bi àwọn onílé léèrè. Lápá ibẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ á lọ sí "mairie". Lápá ibí, "local government" ló ń lọ. Èdè tó di òpó mú, ìkan náà ni. Èyí tó ń kó ẹrù wọlé ló yàtọ̀, ó sì jẹ́ èyí tí ilé ìwé, ọ́fíìsì àti ìjọba bá ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé tí kò dé rí. Kí ó tó di ìgbà náà, ilé àlùfáà, akọ̀wé àti olùkọ́ ni ẹ ti máa bá a. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ń gbé e wá sílé lálẹ́ pẹ̀lú ìwé àti síléètì. Mo rò pé ibẹ̀ ni àmúlùmálà ti di ti gbogbo ìlú.

Ilé ìwé kan náà ló ń fi ẹgba lé Yorùbá jáde. Àwa tó lọ sílé ìwé mọ "vernacular." Wọ́n á yan ọmọ kan tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ ọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde á san owó ìtanràn tàbí kó kúnlẹ̀, àwọn ibòmíràn a sì máa gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ nítorí àmúlùmálà, torí bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tísà ló máa wà lókè.

Ẹnì kan gbìyànjú ohun mìíràn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì ń fi owó tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, tí wọ́n fi olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, bí gbogbo ilé ìwé ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n wọn wọ́n, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ ló ṣáájú, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì lo nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ kò di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni ẹ jọ̀wọ́ ẹ fọkàn sí. Wọ́n kọ ìwé. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà 2022 kò rí irú rẹ̀. Ọjọ́ tí Mínísítà ìgbà yẹn, Adamu Adamu, kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀, òun fúnra rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ púpọ̀ ṣì wà lórí ìwé àti olùkọ́ kó tó lè rìn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ohun tí a kò tíì bí tán. Ìdánwò tí wọ́n sì fi dá a lẹ́jọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, tí ẹ wá ní kó kọ àròkọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí odò, kí lẹ ń wọ̀n?

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rí báyìí. Tísà ṣí ìwé, ó kà á sókè: "Photosynthesis is the process by which green plants make their food." Àwọn ọmọ wò ó. Ó ti ìwé náà pa. "Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ewé máa ń lo oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ láti fi se oúnjẹ ara rẹ̀. Bí màmá yín ṣe ń lo iná láti se ọbẹ̀. Ṣé ó yé yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Ojú gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ó yí padà sí pátákó, ó kọ èyí tó wà nínú ìwé sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dà á kọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ tó mọ̀ pé ewé ń se oúnjẹ kò rí ibi tó máa kọ ọ́ sí. Ọmọ tó há gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn sórí, tí kò mọ ohun tí ewé ń ṣe, ló gba máàkì. Ìlànà 2022 kò fọwọ́ kan ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ìfàgilé 2025 kò sì lè dá a dúró, torí tísà náà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yé àwọn ọmọ ni.

Òfin kò sì wọ́n wa. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gba àwọn aṣòfin Àbújá láyè, ní abala 55, láti lo Hausa, Ígbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ètò tó péye bá ti wà fún un. Abala 97 sì fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó sọ Yorùbá di dandan nínú ilé ìwé gbogbo níbẹ̀. Ilé ìwé aládàáni tó wà lójú ọ̀nà ilé mi ti gbọ́ nípa òfin yẹn. Àkọlé tó wà lára ògiri rẹ̀ ṣì ni "Speak English Only."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù

Ọ̀rọ̀ bíi "account" àti "alert" kò bà mí lẹ́rù. Bí a ṣe gbé tọ́rọ́ mì nìyẹn, a ó gbé àwọn náà mì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí férémù bá yí. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ tí wọ́n ń jáde láti ilé ìwé olówó ńlá ní Èkó: "Abi you don't know?" "I've told her ṣá." "Ṣebí we're going together?" "Leave me jàre." Yorùbá wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló di òpó mú? Ẹ yọ "abi," "ṣá," "ṣebí" àti "jàre" kúrò, gbólóhùn náà á dúró digbí. Yorùbá ti di iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ wa ní Peckham ní London, tí ìyá wọn ń sọ "wá jẹun" tí wọ́n ń dáhùn pé "I'm coming, Mum," ti kọjá ibẹ̀ pàápàá. Wọ́n ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kọ́lé. Ọmọ tí àwọn náà bá bí, ibo ni yóò ti gbọ́ ọ?

Òǹkà sì ni èkejì. Yorùbá ń ka nǹkan ní ogún-ogún, ó sì ń fi ìyọkúrò ṣe é: márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún. Orí ló ń fi ṣiṣẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kọ èyí, bí ẹ bá pè mí lójijì kí n ka láti ẹgbẹ̀rin dé ẹgbẹ̀wá, mo nílò ìjókòó àti omi tútù. Ọ̀rọ̀ owó, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ orí àti aago, Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lọ́wọ́ wa láìsí ìjà. Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ń tẹ̀ lé e: "ẹ wá ní Tuesday." Kò sí tísà tó na ẹnikẹ́ni ní pàṣán lórí ìyẹn; ọwọ́ ara wa la fi gbé e sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń pe Ọjọ́bọ̀ ní Àlàmísì yá tiwọn náà, àmọ́ wọ́n yá a wọlé, wọ́n fún un lóhùn. "Tuesday" kò tíì gba ohùn kankan lọ́wọ́ wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà Bódìjà. Ọmọbìnrin kékeré kan, bóyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ata rodo. Ìyá náà ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta." Ọmọ náà wò ó. Ìyá náà tún un sọ, ó rọra fà á, ọmọ náà ṣì ń wò ó. Ìyá wá rẹ́rìn-ín: "Five hundred!"

"Há, mà, ó ti wọ́n jù," ọmọ náà dá a lóhùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí eékún kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi reduce ẹ̀. Ẹ jẹ́ n san four hundred, kí ẹ sì fi ẹ̀ẹ̀nì sí i."

Ó gba ata rẹ̀ ní four-fifty, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀nì.